Àwẹ̀ró àti Iwin Ẹlẹ́sẹ̀ Wíwú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi Ọdẹ́ṣínà ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ Ọdẹ́bíyìí tí ń lé ẹfọ̀n bí ẹni lé ewúrẹ́, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tí ẹkùn ń yà fún lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìbọn mi kọ́ ni mo fẹ́ ròyìn lónìí. Àwẹ̀ró ni, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń kọ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀sányìntólú.

Lọ́dún náà, sòbìyà dá abúlé wa jókòó. Aràn funfun bí òwú ń yọ lẹ́sẹ̀ tọmọdé tàgbà, iṣu wà nínú ebè láìsí ẹni tí yóò wà á. Àwọn àgbà ní ìyá Àwẹ̀ró ló ń fi àjẹ́ ṣe wá, nítorí pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ ọjà, àwọn yóò lé e.

Àwẹ̀ró wá bá mi. “Bàbá, omi òjò nìkan ni ìyá mi ń mu. Adágún tí gbogbo yín ń pọn mu ni mo fura sí. Ẹ mú mi dé ìsun omi inú Igbó Ìpayà, ká lè rí omi mìíràn mu.”

Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ a lọ. A pàdé iwin olójú lórúnkún, a pàdé èyí tí ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́ tó ń jẹ igi bí ìrèké, a pàdé èyí tí ìyẹ́ bo ara rẹ̀ tó ń fi apá gbálẹ̀, títí a fi bá ọba wọn tó nà gbọọrọ sẹ́nu ìsun omi náà.

Ó ní, “Ọdẹ, ẹran ara rẹ ti gbó jù. Ọmọbìnrin yìí ni n ó kọ́kọ́ jẹ.”

Mo ní, “Dìde bó bá dá ọ lójú.”

Kò lè dìde. Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bí odó. “Sòbìyà ni. Baba, omi wo lẹ mu?”

Iwin gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Mo máa ń yọ́ lọ sí adágún yín. Iyọ̀ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó ń wọnú rẹ̀ pọnmi ló mú un dùn.”

Àwẹ̀ró ká orí aràn náà mọ́ igi tín-ín-rín, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ kó má baà já. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ọjà kọjá lórí wa níbẹ̀. Àwẹ̀ró mọ̀ pé ọjọ́ tí wọn yóò lé ìyá òun nìyẹn, ó ń sunkún, kò sì fi igi náà sílẹ̀. Nígbà tí aràn jáde tán, iwin fún wa ní ìsun omi náà.

A fi ìkòkò omi lérí wálé bí aṣẹ́gun, àṣé wọ́n ti lé ìyá Àwẹ̀ró. Láti ọjọ́ náà, abúlé pa adágún tì, omi ìsun náà ni gbogbo wa ń mu. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, sòbìyà ò yọ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn àgbà wá bẹ Àwẹ̀ró lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, “Mo gbọ́. Ẹ lọ wá ìyá mi.”

Gbogbo ọdẹ wá a, a ò rí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àìsàn bá wọ ìlú, ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè kí ẹ tó nàka sí ẹnikẹ́ni. Títí di òní, bí mo bá rí ahéré nínú igbó, mo máa ń dúró, mo máa ń pe Ìyá Àwẹ̀ró kí n tó kọjá.