Iná Ló Lọ, Wọn Ò Pa Fáànù

Ó ti sú mi, bí àwọn èèyàn ṣe ń túmọ̀ òwe àdúgbò wa yìí gbà-á-bó-o-ṣe-rí-i. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ lẹ́yìn ìjà, àgbà á ní, "Iná ló lọ, wọn ò pa fáànù." Àlejò á wá gbójú sókè, á máa wá fáànù. Kí ló kan fáànù nínú ọ̀rọ̀ ìjà? Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Látúnjí tó ń tún aago ṣe ló fà á. Ọmọ rẹ̀ ra hẹlikópítà ìṣeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí nínú ilé. Ẹni tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún! Ó ní nǹkan náà wúwo jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó ṣí èèpo rẹ̀ dànù, ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ sí èyí tó fúyẹ́, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin ṣe ẹsẹ̀ fún un.

Pálọ̀ ló ti ń gbé e fò. Ara ògiri pálọ̀ yẹn kan náà ni àwòrán ìyá ìyàwó rẹ̀ wà, olóògbé, ẹyọ àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ìyá Fadékẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní kó gbé eré rẹ̀ lọ sí yàrá, òun ò ní tìtorí ohun ìṣeré gbé ìyá òun kúrò ní pálọ̀. Látúnjí ní yàrá há. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ rẹ̀ ní òun gbọ́. Ni obìnrin náà bá dákẹ́. Látúnjí wá ń sọ kiri pé ìyàwó òun ti gbà. Ta ló sọ fún un?

Atẹ́gùn fáànù kì í jẹ́ kí hẹlikópítà náà dúró lójú kan, ta ló sì fẹ́ pa fáànù nínú ooru? Nítorí náà, ìgbà tí iná bá lọ ni Látúnjí máa ń gbé e fò. Fáànù á dúró fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní rántí súìṣì. Ṣé àwa náà ń rántí ni?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, iná lọ. Hẹlikópítà gbéra, ó sì dúró jẹ́ẹ́ lójú kan. Oṣù mẹ́ta ni Látúnjí ti ń wá ìdúró yẹn. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Látúnjí tún gbé e ga sí i, ó kù díẹ̀ kó kan àjà. Ìgbà yẹn ni iná dé.

Kó tó rí ibi tó máa tẹ̀ lára rìmóòtù, fáànù ti gbá a. Ó lọ bá àwòrán lára ògiri, gíláàsì fọ́, irin hẹlikópítà náà sì ya ojú ìyá inú àwòrán náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Látúnjí dọ̀bálẹ̀. "Ìyá Fadékẹ́, jọ̀ọ́. O ò kúkú sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú rẹ ni."

Obìnrin náà yọ àwòrán kúrò láàárín gíláàsì. Ó wo òkè, níbi tí fáànù ti ń yí. "Bàbá Fadékẹ́, ta ló pa ìyẹn fún yín? Iná ló lọ, wọn ò pa fáànù."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé àwòrán náà lọ, oṣù mẹ́jọ ni obìnrin náà sì lò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ di èyí tí ẹnì kejì ò sọ mọ́, tẹ́ ẹ wá ń rò pé ẹ ti borí, ẹ tẹ́tí: iná ló lọ, wọn ò pa fáànù.