Ìborùn Tó Di Ṣòkòtò

Ọkùnrin kan wà ní erékùṣù Tìrínídáàdì, eléré orí ìtàgé ni. Ó fẹ́ ṣe eré akọni kan tí àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa pè ní tiwọn. Ó wo fíìmù òkèèrè, ó kó gbogbo rẹ̀ wọ̀: ìbòjú, bàtà pupa, àti ìborùn gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n fi okùn fà á sókè, ó ń fò. Lọ́jọ́ kìíní, èrò kún. Lọ́jọ́ kejì, àga ló ń wòran. Onígbọ̀ngàn ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní Sátidé, òun á sọ ibẹ̀ di ilé ìkẹ́rùsí. 

Ọkùnrin yìí sáré lọ bá ìyá àgbà tó ń bá a rán aṣọ eré. "Màmá, kí ló dé tí wọn ò padà wá?"

Ìyá náà ò gbójú sókè. "Akọni rẹ yìí, ọmọ ta ni?"

"Ojú ọ̀run ló ti wá, mà."

"Ẹn-ẹ́n! Kí ló wá kàn án nípa tiwa?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tún ń ṣe é ní kàyéfì. Ó rántí Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn inú ìtàn àwọn àgbà, ẹni tí wọ́n ní ó fẹsẹ̀ rìn la òkun kọjá láti Áfíríkà, tó tẹ̀lé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ga débi pé ó ń rí ibi kí ibi tó dé. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, ìyá náà ní bàbá òun ti jó ijó rẹ̀ rí, lórí igi gígùn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ń tijú ìtàn náà láti kékeré. Ó ní ti ará oko ni.

Ó so igi mọ́ ẹsẹ̀ wàyí, àmọ́ kò gbà láti bọ́ ìborùn. Àfi gbì! Ìborùn ti lọ́ mọ́ igi, akọni wa ti nà gbalaja. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá mú àlùmọ́gàjí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìborùn mi jù nù, mà!"

"Ta ló ní n ó jù ú nù?"

Ó gé e, ó fi rán ṣòkòtò tó bo igi náà délẹ̀, bí Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn ṣe ń wọ̀ ọ́.

Ní Sátidé, ó rìn gba títì lọ sí gbọ̀ngàn. Àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì na ọwọ́ kàn án lójú fèrèsé, bí àwọn òbí wọn ti ń ṣe sí Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn láyé àtijọ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e wọlé. Àga ò tó.

Ìwọ tó sọ fún mi lánàá pé ìtàn ilé baba rẹ ò ní ohun tí ọmọ rẹ lè fi yangàn, n ò ní kí o dáná sun aṣọ òkèèrè. Aṣọ nìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Ẹsẹ̀ ta lo fẹ́ rán an fún?