Ilẹ̀kùn Fáturótì

Èéfín ìlú Ìpọ́lẹ̀ ni àwọn ará Ìmọ̀pá kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Kí oòrùn tó mú, àwọn tó sá àsálà ti ń ya wọ Ìmọ̀pá, wọ́n ń kígbe pé ogun Jagunlabí ń bọ̀, ogun tí kì í gba ìṣákọ́lẹ̀, ènìyàn ló ń kó tà. Níwájú ni ogun, lẹ́yìn ni odò Ọ̀sàrà tí òjò oṣù Agẹmọ ti mú kún dé etí, àwọn atukọ̀ sì ti gbé ọkọ̀ wọn sá lọ láti àná. Odindi ìlú há sáàárín. Balógun Olúgbòdì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ dí ojú ọ̀nà. Akin ni, a kò lè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò lọ́jà, tó so Fáturótì káfíńtà mọ́ igi odán, tó sì fi pàṣán bó o lẹ́yìn nítorí pé ó kọ̀ láti bọ òrìṣà ìlú.

Fáturótì yìí, ọkọ ayùn, gàgàrà tí í dá gbé ìtì igi tí ọkùnrin mẹ́ta ń wò, òun ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì etí odò. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti ìjọ fi la ìrókò. Ilẹ̀kùn nìkan, oṣù méje ló fi gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí ilé náà. Ó wo odò, ó rí àpáta mẹ́ta tó yọrí láàárín omi. Ó wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ gígùn igi kọ̀ọ̀kan bó ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ké sí ìjọ.

"Ẹ gun òkè! Ẹ tú u, ká fi ṣe afárá!"

Bàbá Adéṣùyì, olórí ìjọ, dì mọ́ òpó. "Áà, Fáturótì! Ilé Ọlọ́run lo fẹ́ tú? Ilé tí a kò tíì gbàdúrà kan ṣoṣo nínú rẹ̀?"

"Bàbá, àdúrà tí a fẹ́ gbà nínú rẹ̀ nìyí! Ẹ wo àwọn ọmọ létí omi. Ṣé Jésù tó kú fún wọn ni yóò bá wọn du pákó? Bí a bá kọrin níbí lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ti fi okùn fa àwọn aládùúgbò wa lọ, ta la ń kọ ọ́ fún?"

Bàbá jọ̀wọ́ òpó. Òun gan-an ló kọ́kọ́ gun àkàbà.

Háà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ìṣó ń han, pákó ń fò bọ́. Àwọn obìnrin tí kò kí onígbàgbọ́ láti ọdún méjì bá wọn ki èjìká bọ abẹ́ ìtì igi. Láti àpáta dé àpáta ni wọ́n tẹ́ afárá náà, nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, arúgbó ń kọjá, ewúrẹ́ ń kọjá, abiyamọ gbé ìkókó ọlọ́jọ́ mẹ́ta kọjá. Ilẹ̀kùn nìkan ni Bàbá Adéṣùyì kò jẹ́ kí wọ́n tẹ́. Ó ní ibi tí Ọlọ́run bá fi àwọn sí ni wọn yóò ti gbé e kọ́.

Gbogbo ìlú ti kọjá nígbà tí omi gbá igi ìparí, èyí tó kan òdìkejì odò, lọ. Ìgbà náà gan-an ni Balógun àti ọgbọ̀n ọmọ ogun tó ṣẹ́kù sáré já sórí afárá, tí ìbọn ń dún lẹ́yìn wọn. Wọ́n dé ibi tó já, wọ́n dúró.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ẹnìkan wí létí omi lódìkejì. "Àbí ẹ ti gbàgbé pàṣán ni?"

Fáturótì kò gbàgbé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì máa ń yún un lásìkò òjò. Ó wo ilẹ̀kùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. "Bàbá, ẹ gbé e wá."

Ilẹ̀kùn náà kò gùn tó àlàfo tó já náà, ó fi ìwọ̀n apá kan kúrú. Fáturótì wọ inú omi, ó fi èjìká gbé etí rẹ̀, ọgbọ̀n ọkùnrin sì gba orí rẹ̀ kọjá. Balógun ló kẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní itan rẹ̀. Ó dúró.

"Fáturótì, ṣé o mọ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ yìí?"

"Mo mọ̀ yín, Balógun. Ẹ yára, omi tutù."

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ ni odò já ilẹ̀kùn gbà. Fáturótì ì bá bá a lọ, ṣùgbọ́n Balógun gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fà á gòkè. Àwọn ọ̀tá dé etí àlàfo náà, wọ́n yìnbọn sókè lásán, wọ́n padà.

Lórí òkè tí wọ́n tẹ̀dó sí, tí wọ́n pè ní Ìdásí, Balógun fúnra rẹ̀ bá wọn po amọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Nígbà tó parí, ó bèèrè pé, "Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀," ni Fáturótì wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà wà bẹ́ẹ̀."

Títí di òní, ṣọ́ọ̀ṣì Ìdásí kò ní ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ sì ń ráhùn lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń lé, tó bá sá wọlé síbẹ̀, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un mu, kí wọ́n tó bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.