Ìwọ̀ Wà Nílé, Ẹja Ń Tán Lódò

Àwọn ará Àgọ́-Ọ̀pọ̀tọ́ a máa pa á lówe pé, "Ìwọ̀ wà nílé, ẹja ń tán lódò." Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí, ẹ sì ti mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń gbọ́. Ẹ má tàn mí! Bí ìwọ̀ bá wà nílé, kí ló wá ń pa ẹja? Àbí ẹja ń pa ara rẹ̀ ni? Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ bó ṣe rí, nítorí inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí èèyàn ń fi òwe yìí ṣe fáàrí láìmọ ẹni tó sunkún kó tó di òwe.

Ẹ̀bá odò Awẹ́rẹ́ ni Àgọ́-Ọ̀pọ̀tọ́ wà. Ìwọ̀ dídẹ ni iṣẹ́ ọkùnrin ibẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga wọn pọ̀ ju ẹja wọn lọ. Lójú tiwọn, ẹni tó bá jókòó létí odò pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́, tó dákẹ́ bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ìlú, òun nìkan ni apẹja. Ẹni tó bá fi agbọ̀n kó ẹja, tàbí tó fọwọ́ wá a lábẹ́ òkúta, obìnrin tàbí ọmọdé ni wọ́n ń kà á sí. Bí wọ́n bá rí ọkùnrin kan pẹ̀lú agbọ̀n létí odò, wọn ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn ó fi sin ín.

Wọ́n ní òfin kan tó dára. Òkúta ńlá kan wà láàárín odò, Apárí ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi fà títí orí Apárí fi yọ síta, gbogbo oníwọ̀ ni yóò kó ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí wọn, yóò sì fi kọ́ sára ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí òjò yóò fi bo Apárí mọ́lẹ̀ padà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí odò bá ń gbẹ, inú ibú kan ṣoṣo ni àwọn ìyá ẹja máa ń sá sí. Àwọn ni yóò bí ẹja ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Orí Apárí yọ, èjìká rẹ̀ yọ, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti jókòó sórí iyanrìn gbígbẹ bí baba tó ń yá oòrùn. Àwọn oníwọ̀ kó ìwọ̀ kọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ìpàdé lónìí, ìpàdé lọ́la! Ẹnì kan ní àwọn obìnrin tó ń pọnmi ló gbé odò lọ. Ẹlòmíràn ní ẹyẹ tó ń jẹ ẹja ni kí wọ́n dojú ìjà kọ. Olóyèdé, olórí wọn, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, á wá dìde, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi gbọgbẹ́ nítorí odò wa." Gbogbo wọn á mí kanlẹ̀, wọn á sì bu ẹmu.

Àsàbí nìkan ni kò lè sùn nítorí ọ̀rọ̀ náà. Opó ni, ẹja ló ń yan tà. Ọkọ rẹ̀ kò fi oko sílẹ̀ fún un. Ààrò tó fi ń yan ẹja ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹja bá tán ní Awẹ́rẹ́, kò sí ohun tí yóò dá a dúró nílùú náà mọ́, àfi kó padà sílé ìyá rẹ̀, kó lọ máa jẹ oúnjẹ ìtìjú. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olóyèdé.

"Baba, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ibú yẹn ti fà débi pé èèyàn ń rí ẹ̀yìn àrọ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi agbọ̀n àti igbá kún òfin ìwọ̀."

Olóyèdé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Agbọ̀n kẹ̀? Àsàbí, apẹja wo lo rí tó mú agbọ̀n rí?"

"N kò tíì rí i, Baba. Ebi ni mo rí."

"Ṣé kí n wá ṣòfin lórí ohun tí ọkùnrin ìlú yìí kò jẹ́ ṣe? Kí àwọn ará ìlú kejì gbọ́ pé a ní kí oníwọ̀ má mú agbọ̀n! Irú àbùkù wo nìyẹn? Fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa. Wo ògiri, ṣé ìwọ̀ kan kúrò níbẹ̀?"

Kò sí èyí tó kúrò. Àsàbí dìde, ó lọ.

Ó di ọjọ́ ọjà. Àwọn obìnrin ti lọ, Àsàbí náà lọ. Oòrùn kan àtàrí. Olóyèdé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde pẹ̀lú agbọ̀n ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Agbádá lọ́sàn-án gangan, nínú ooru yẹn! Ó dé ibú, ó ká ṣòkòtò sókè. Kò tíì ki agbọ̀n bọmi tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ló bá sá wọ inú koríko. Ta ló dé? Akínlàjà, igbákejì rẹ̀ ni, ó dé agbọ̀n mọ́rí bíi fìlà. Akínlàjà náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó sá wọ inú koríko kan náà, ó sì tẹ olórí rẹ̀ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

"Yéè!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Mo wá wo bí omi ṣe fà sí."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba. Wíwò náà ni èmi bá wá."

Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwọn yòókù ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí gbé igbá, èyí gbé apẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn wá wo omi. Nígbà tí koríko kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n jáde, wọ́n dúró, wọ́n ń wolẹ̀. Ojú tì wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò pẹ́. Olóyèdé wúkọ́ bí àgbà, ó sì pe ìpàdé sínú omi níbẹ̀.

"Ta ló mú ìwọ̀ wá?"

"Kò sí o!"

"Ìwọ̀ dà?"

"Ó wà nílé!"

"Ẹ ò rí i pé a kò rú òfin baba wa? Bí a kò bá sì kó àwọn ẹja yìí, oòrùn ni yóò pa wọ́n dànù. Àánú là ń ṣe."

"Àánú ni o, Baba!"

Bí wọ́n ṣe gbọ́n ibú nìyẹn, tagbára-tagbára, títí ó fi ku ẹrẹ̀. Wọ́n tún fọwọ́ tú inú ẹrẹ̀ náà wò.

Nígbà tí Àsàbí ti ọjà dé, ó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ẹja, àrọ̀ tó gùn tó apá èèyàn.

"Ìyàwó wa, bá wa yan ìwọ̀nyí," ni Olóyèdé wí. "Ọ̀gbẹlẹ̀ ló pa wọ́n."

"Ọ̀gbẹlẹ̀ náà ló kó wọn sínú agbọ̀n?"

Àsàbí mú ọ̀bẹ, ó la ọ̀kan. Ẹyin kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó la òmíràn, ẹyin náà ni. Àsàbí ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó sunkún. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, nítorí lọ́jọ́ náà ó ṣì mọ ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Àwọn ọkùnrin náà ní àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Wọ́n kó ẹja wọn, wọ́n lọ sè é nílé.

Òjò padà rọ̀. Awẹ́rẹ́ kún, ó bo Apárí mọ́lẹ̀. Àwọn oníwọ̀ wọ aṣọ tó dára, wọ́n mú ìwọ̀ lára ògiri, wọ́n tò sétí odò, wọ́n ju ìwọ̀ sómi. Wọ́n dúró títí. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sí ohun tó fa okùn ẹnikẹ́ni, àfi akàn.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n, ó bi wọ́n léèrè ibi tí ẹja wà. Olóyèdé fọwọ́ sọ̀yà. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ṣe wá ní ibi. Ní tiwa, a pa òfin mọ́. Láti ọjọ́ tí Apárí ti yọrí, ìwọ̀ wà nílé."

Àsàbí ló ń wọlé bọ̀ yẹn, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìdágbére ló wá ṣe fún Baálẹ̀.

"Òótọ́ ni Baba sọ," ló wí. "Ìwọ̀ wà nílé. Ẹja ń tán lódò."

Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó dìde, ó bá ọ̀nà lọ. Kò sẹ́ni tó lè ní kó dúró, torí kí ni wọn ó ní kó dúró yan?

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnì kan bá ń fi bó ṣe pa òfin mọ́ yangàn lójú yín, ẹ má bá a wo ògiri. Odò ni kí ẹ lọ wò. Ìwọ̀ wà nílé, ẹja ń tán lódò.