Yàrá Abẹ́ Yangí

Ní ìlú Òkè-Ìkòkò láyé àtijọ́, obìnrin tí kò bá mọ ìkòkò mọ, àlejò ni. Ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò omi, ìkòkò aró, gbogbo rẹ̀ ni àwọn obìnrin ìlú náà ń mọ, tí àwọn ọlọ́jà sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá rù lọ. Àwọn ọkùnrin wọn ń ṣoko, ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ìlú náà níbòmíràn, kò sẹ́ni tó ń rántí iṣu wọn.

Ẹ̀yìn ìlú ni kòtò amọ̀ wà. Yangí ló wà lókè, pupa, líle, ó nípọn tó ìdúró ènìyàn. Abẹ́ yangí yìí ni amọ̀ dúdú wà, amọ̀ tó ń fà lọ́wọ́ tí kì í sán nínú iná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ yóò kọ́kọ́ tú yangí kúrò lórí kó tó wa amọ̀. Ṣùgbọ́n yangí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi mọ ìkòkò, ta ni yóò wá fi ọjọ́ rẹ̀ tú u? Nítorí náà ni àwọn obìnrin ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kòtò wọ abẹ́ yangí lọ, tí wọ́n ń wa amọ̀ bí òkété ṣe ń gbẹ́ ihò. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní yàrá. Oòrùn kì í dé ibẹ̀, ara a sì máa tù wọ́n, wọn a máa kọrin bí wọ́n ti ń wa amọ̀. Kò sí òpó kankan tó gbé òrùlé yàrá náà dúró.

Fájọkẹ́ ni olórí àwọn amọ̀kòkò, Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é. Obìnrin tó mọṣẹ́ ni, kì í sì í ṣe ìkà. Mo tètè sọ èyí nítorí pé àwọn tó ń gbọ́ ìtàn yìí a máa fẹ́ kó jẹ́ ìkà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé kò jọ àwọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn, òun náà ti di abilékọ.

Ẹgbẹ́ Ìbídùn ni Àwẹ̀ró àti Àjíún. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì yìí, ọdún kan náà ni wọ́n kọ́ṣẹ́, agbo ilé kan náà ni wọ́n sì fẹ́ wọn sí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lọ́nà kòtò, ẹ ò ní pẹ́ rí èkejì.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn aláró ìlú kan ránṣẹ́ wá pé àwọn fẹ́ ogójì ìkòkò aró kí òjò tó múlẹ̀. Ìkòkò aró ń jẹ amọ̀, bí òjò bá sì ti múlẹ̀, kò sí bí a ṣe lè sun ún kó jinná. Fájọkẹ́ gbà. Ó ní kí gbogbo obìnrin máa lọ sí kòtò ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró dúró lórí kòtò, ó rí i pé yangí ti là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti ọwọ́ bọ ojú ibẹ̀, ọwọ́ náà wọlé dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó pe Àjíún. "Wá wo nǹkan. Ṣé eléyìí wà níbí lánàá?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Jẹ́ ká jọ lọ sọ fún Ìyá. Bí èmi nìkan bá lọ, wọ́n á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí."

Àjíún wo agbọ̀n rẹ̀ tó ṣófo. "Ìwọ ṣáà lọ ná. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní mo rí i."

Àwẹ̀ró lọ. Ó bá Fájọkẹ́ níbi tó ti ń ha inú ìkòkò kan.

"Ẹ kúuṣẹ́, Ìyá. Yangí òkè yàrá ti là. Ẹ jẹ́ ká tú u wálẹ̀ ká tó wọlé."

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà wá?"

"N ò mọ̀, Ìyá. Bóyá ọjọ́ márùn-ún."

"Ọjọ́ márùn-ún! Òjò á wá máa dúró dè wá? Àwẹ̀ró, ìyá mi wa amọ̀ nínú yàrá yẹn, ìyá tìrẹ náà wà á. Ṣé ó wó pa wọ́n?"

"Kò wó pa wọ́n."

"Lọ wa amọ̀ rẹ, ọmọ mi."

Fájọkẹ́ kò bi Àjíún ní nǹkan kan. Àjíún náà kò sì lọ fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, bí oòrùn ṣe ń mú, apá kan yàrá wó. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sá jáde, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló wà nínú pátápátá. Kí àwọn ọkùnrin tó ti oko dé, kí wọ́n tó gbé yangí kúrò lórí rẹ̀, ó ti kú.

Ní Òkè-Ìkòkò, bí ẹnìkan bá kú sí kòtò, wọn kì í béèrè ohun tó ṣe kòtò. Ohun tí òkú ṣe ni wọ́n ń béèrè. Wọn a pé jọ sílé olórí amọ̀kòkò, wọn a máa wádìí: ṣé ó kí ilẹ̀ kó tó wọlé? Ṣé aṣọ pupa ló ró? Ṣé ó bá ẹnikẹ́ni jà? Wọn kì í dìde títí wọn yóò fi rí nǹkan kan, ta la ó sì tú ilé ayé rẹ̀ wò tí a kò ní rí nǹkan kan? Bí wọ́n bá ti rí i, ọkàn oníkálukú a balẹ̀, nítorí pé òun kò ṣe irú ẹ̀. Wọn a fi omi ìgbín tu ilẹ̀ lójú, wọn a sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń sin irú òkú bẹ́ẹ̀ sí, wọn kì í sì í sunkún rẹ̀ síta.

Ti Àwẹ̀ró kò le rí. Ó ti fún ìyá ọkọ rẹ̀ lésì láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí omi.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni ìyá arúgbó kan wí. "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé."

Àjíún kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Ẹ̀yin ìyá mi, yangí ló là. Èmi àti Àwẹ̀ró la jọ rí i. Ó wá sọ fún Ìyá."

Fájọkẹ́ wò ó. "Ìwọ tí o rí i ńkọ́, ta lo sọ fún?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àjíún wọnú egungun, ó sì ń dùn ún títí ó fi darúgbó.

"Ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n apá kan ló wó. Apá tó kù ti là bíi ti àkọ́kọ́. Bí ẹ ò bá tú u, n ò ní wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́."

Wọ́n hó lé e lórí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni ìyá bí ni? Má dójú tì wá!" Fájọkẹ́ kò pariwo ní tirẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá wa amọ̀ kò ní mọ ìkòkò, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí Àjíún ṣe fi iṣẹ́ tó mọ̀ láti kékeré sílẹ̀ nìyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́gi tà. Bó bá ń kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ní, "Ẹ yàgò fún ojo."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà. Wọ́n dé kòtò, kálukú ń ṣa amọ̀ ẹnu ọ̀nà, amọ̀ olókùúta tí kò ṣe é mọ ìkòkò aró. Nígbà tí Fájọkẹ́ rí i, ó tọ̀ wọ́n wá sí kòtò fúnra rẹ̀.

"Ṣé ẹ rò pé mo lè rán yín lọ síbi tí n ò lè rán ọmọ mi lọ? Ìbídùn, mú ọkọ́ rẹ."

Ìbídùn gbójú sókè wo yangí, ó wo ìyá rẹ̀. "Ṣé kí n lọ, Ìyá?"

"Lọ. O ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Òótọ́ ni. Ìbídùn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Aṣọ funfun ló ró, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó kí i. Ó bu amọ̀ kún agbọ̀n àkọ́kọ́, ó gbé e jáde, àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀rù lásán ló ń ba àwọn. Ó bu kún ìkejì. Ibi tó ti ń bu kún ìkẹta ni gbogbo yàrá ti wó lé e lórí.

Fájọkẹ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó ń fọwọ́ lásán wa yangí. Àjíún gbọ́ igbe lójú ọ̀nà tó ti ń ru igi bọ̀, ó da igi nù, ó sáré wá, ó ń wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Ìbídùn, kò sí ẹ̀mí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan bi èkejì lábẹ́lẹ̀ pé, "Kí ló ṣe ná? Ṣé ó kí ilẹ̀ dáadáa?"

Fájọkẹ́ yíjú padà, èékánná rẹ̀ ti ya. "Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Ọmọ mi ò ṣe nǹkan kan! Ilẹ̀ ló là! Ṣé ẹ ò rí i ni? Ilẹ̀ ló là!"

Gbogbo wọn ló ti rí i tipẹ́.

Ìgbà náà ló wá kọjú sí Àjíún. "Ìwọ tí o mọ̀ pé yóò wó, kí ló dé tí o ò dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀? O ò sọ ọ́ tó."

"Ìyá, ẹnu ta ló lè sọ̀rọ̀ tó ikú?" Omijé ń bọ́ lójú Àjíún, inú sì ń bí i. "Ojúgbà wa ni Àwẹ̀ró. Ikú tó pa á kò bá a jà, àwa tó kù ló ń pa òwe fún. Ẹ̀ṣẹ̀ òkú la jókòó tí à ń wá, a ò wá ìtumọ̀ òwe."

Wọ́n tú yangí náà, èyí tó wó àti èyí tó kù lókè. Ọjọ́ méjì péré ló gbà wọ́n. Wọ́n sin Ìbídùn sínú ilé, wọ́n sunkún rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n nígbà tí Àjíún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé Àwẹ̀ró wọlé láti ẹ̀yìn odi, wọ́n ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ogójì ìkòkò aró pé kí òjò tó múlẹ̀. Fájọkẹ́ kò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn amọ̀kòkò ìlú kejì, tí wọ́n ní yàrá abẹ́ yangí tiwọn, gbọ́ ìròyìn náà. Wọ́n káàánú gidigidi, wọ́n ní tiwọn ò tíì là tó bẹ́ẹ̀, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n sì wọlé lọ. Irú wọn ni àwọn àgbà ń bá wí títí dòní, nígbà tí wọ́n bá sọ pé ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.