Ìjì Kọ́ Ló Jẹ Iṣu

Nu ojú rẹ, Ìyá Akínlàbí. Ọmọ ti ń mí dáadáa, ó tilẹ̀ ń fa fìlà nọ́ọ̀sì mi. Jókòó kí n sọ ìtàn kan fún ọ.

Àgbẹ̀ kan wà tó ṣe ọgbà yí iṣu rẹ̀ ká. Èbù tó fẹ́ gbìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ̀ ní ìta ọgbà lójoojúmọ́; wọn ò rí ọ̀nà wọlé, kò sì sí ìjà.

Lọ́jọ́ kan, ìjì dé. Ọkùnrin yìí mú pàṣán, ó ń na ewúrẹ́. Ẹ gbà mí o! Ṣé ewúrẹ́ ló ń fẹ́ atẹ́gùn ni? Ìjì ṣe tirẹ̀ tán, ó lọ. Ohun tí ewúrẹ́ rí kọ́ níbẹ̀ ni bí a ti ń fara da pàṣán.

Bí òjò ti dá, ó ní, "Ó parí," ó wọlé lọ sùn. Kò mọ̀ pé ìjì ti wó ọgbà lápá ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ ilé rẹ̀ gan-an ló rọ́ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń run iṣu, ó kígbe pé, "Olówó orí mi, ẹ dìde! Òjò ti lọ, ọgbà wa ò dákẹ́ o!"

Ó sáré jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, pàṣán ba ibi tó yẹ. Èbù tó ṣẹ́kù ṣì tó láti gbìn. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́.

Ọ̀fìnkìn tó kọ́kọ́ ṣe Akínlàbí ni ìjì náà. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, a kì í sì fi pàṣán na ìjì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fún ọ ní kápúsù tí o ń bèèrè nígbà náà, tí o fi ń fojú burúkú wò mí. Bakitéríà tó ń gbé nímú ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni ewúrẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọ̀fìnkìn ló la ògiri. Ara ọmọ yá tán, ibà tún dé, ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí. Ìyá ọkọ rẹ ní, "Ọ̀fìnkìn yẹn náà ni." Ìwọ ò gbà. O pọ̀n ọ́n wá, pàṣán wa, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, sì wá wúlò. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, n ò ní purọ́.

Fún un ní oògùn náà tán, kódà bó bá ti ń sáré kiri. Bí òjò mìíràn bá dá, má kàn wojú ọ̀run. Lọ wo ọgbà, bí o ti ṣe yìí.