Omi tí Mopélọ́lá Sé

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí opó kan, Mopélọ́lá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ sé odò kékeré ẹ̀yìn oko rẹ̀. Òjélabí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ta ní ń sé omi lásìkò òjò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, gbogbo odò yòókù gbẹ. Ní ìdájí ọjọ́ kan, nínú kùrukùru, Òjélabí gbé korobá dé ibi omi náà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Lékelèke ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ògiri amọ̀, ẹ̀fọ́ Mopélọ́lá tutù yọ̀yọ̀. Ojú ti Òjélabí bó ṣe rí Mopélọ́lá láàárín ẹ̀fọ́ náà.

"Tòmátì mi ń kú lọ, ìyàwó wa."

"Ẹ wá pọn omi kí oòrùn tó mú."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn ọ́n. Ní òdìkejì, ìgalà kan gbé orí sókè, ó wò ó, ó sì ń mu omi tirẹ̀ lọ.